Dísìkì kò yọ̀, ẹ tú bẹ́líìtì yẹn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Ẹni ọdún 48 ni mí. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ti ń ro mí. Mo ya àwòrán MRI, wọ́n ní méjì nínú dísìkì tó wà láàárín àwọn egungun ẹ̀yìn mi ti gbó, ọ̀kan sì ti wú síta. Látìgbà náà n kì í bẹ̀rẹ̀ mọ́, n kì í gbé nǹkan, bẹ́líìtì ẹ̀yìn kì í kúrò nídìí mi. Ọkùnrin kan ní òun lè fi ọwọ́ ti dísìkì náà padà sáyè rẹ̀, àmọ́ owó tó dá lé e pọ̀. Ṣé kí n lọ? Àbí oògùn wo ni kí n lò?

Ìdáhùn: Ẹ má lọ.

Fisiotẹ́rápì, ìyẹn fífi eré ìdárayá àti ọwọ́ tọ́jú ara, ni iṣẹ́ mi, n kì í ṣe dókítà, nítorí náà ọ̀rọ̀ oògùn kò ní pọ̀ lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "a ó ti dísìkì padà" yìí ti sú mi gbọ́. Dísìkì kì í ṣe àwo tí wọ́n tò léra, tí ọ̀kan lè yọ̀ bọ́ọ́lẹ̀. Tìmùtìmù líle ni, ó sì lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ egungun tó wà lókè rẹ̀ àti èyí tó wà nísàlẹ̀. Kò sí ọwọ́ tó lè tì í síbì kan. Ìró "kó" tí ẹ máa ń gbọ́ bí wọ́n bá lọ́ yín lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ inú oríkèé ni. Fífọwọ́ pa ẹ̀yìn lè dẹ ara fúngbà díẹ̀, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn ìyẹn. Irọ́ tí wọ́n fi ń tà á ni mò ń bá jà.

Àwòrán yẹn náà ńkọ́? Ìwádìí kan tó jáde ní 2015 ṣàkójọ àwòrán ẹ̀yìn àwọn tó lé ní 3,000 tí ẹ̀yìn kò ro rárá. Nínú àwọn ẹni àádọ́ta ọdún, nǹkan bí 80 nínú 100 ni dísìkì wọn ti gbó. Ti nǹkan bí 60 sì ti wú síta. Wọ́n ń rìn, wọ́n ń sùn, wọn ò tiẹ̀ mọ̀. Ewú tó hù sínú ni. Ó ṣeé ṣe kí dísìkì máa dá kún ìrora ẹlòmíràn lóòótọ́, pàápàá bó bá ń ta dé ẹsẹ̀, àmọ́ àwòrán nìkan kò tó láti dájọ́.

Ìrora tó bá ti kọjá oṣù mẹ́ta dà bí ajá tí olè ti wọlé tì rí: ewé jábọ́, ó ń gbó. Ariwo ajá kò ní kí olè wà nílé. Bí ẹ ṣe wá ń sá fún gbogbo ìbẹ̀rẹ̀, tí ẹ ń di ara pọ̀, iṣan ẹ̀yìn ń dẹ̀, ajá sì ń gbó sí i. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní oṣù Kejìlá 2023, wọ́n ní kí a má fi bẹ́líìtì ṣe ìtọ́jú irú ìrora yìí. Wọ́n ní kí a má lo fífa ẹ̀yìn gùn tàbí oògùn apàrora líle ìdílé morphine náà.

Ẹ dín wákàtí bẹ́líìtì kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa rìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́, kí ẹ fi díẹ̀ kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ nà sílẹ̀ gbalaja, ẹ ká orúnkún, ẹ gbé ìdí sókè lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Ẹ tún máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bó bá ro díẹ̀ sí i tó sì rọlẹ̀ dọ́jọ́ kejì, ẹ má bẹ̀rù. Bí ẹ bá bi mí pé eré ìdárayá wo ló dára jù, èyí tí ẹ ó máa ṣe ni.

Ibuprofen lè ranni lọ́wọ́ fúngbà díẹ̀, àmọ́ ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àìsàn kíndìnrín tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ bi dókítà kó tó fọwọ́ kàn án.

N kò tíì yẹ̀ yín wò o. Bí abẹ́ yín bá kú tí ẹ ò mọ̀ ọ́n lára, bí ìtọ̀ tàbí ìgbọ̀nsẹ̀ kò bá gbọ́ràn mọ́, tàbí bí ẹsẹ̀ bá ń rọ, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe lọ́la. Bí ẹ bá ń rù láìnídìí, tí ibà ń ṣe yín, tí ẹ ti ní jẹjẹrẹ rí, tàbí tí ìrora náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ṣubú, ẹ rí dókítà kí ẹ tó gbọ́ tèmi.

Owó tí ẹ fẹ́ kó fún ọkùnrin yẹn, ẹ fi ra bàtà tó rọ̀ lẹ́sẹ̀.