Èsì fún àbúrò wa ní Kánádà: kóòtù, àádọ́rin ọdún màmá àti òjò oṣù kẹsàn-án

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ tán, mo mí kanlẹ̀. O ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni ibi iṣẹ́ yọ̀ǹda fún ọ nínú oṣù kẹsàn-án. O fẹ́ fi ṣe ìgbéyàwó kóòtù, o tún fẹ́ fi ṣe àádọ́rin ọdún màmá lábúlé. Omi ti bo àkùrọ̀ màmá, wọn ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni kó wọn wá sí Ìlọrin. O wá ń bèèrè bóyá ọ̀sẹ̀ kan tó fún kóòtù. Kò tó. Jẹ́ kí n sọ bí tèmi ṣe lọ, kí àwọn tó mọ gbogbo nǹkan níbí tó dé láti sọ fún ọ pé ó rọrùn, kí o sáà ti mú owó dání.

Ìhà Ìgbómìnà ni èmi náà ti wá. Ọkọ mi wà nílé nígbà yẹn, èmi wà ní Ìlú Ọba. N ò ní dárúkọ káńsù tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ o. Ẹ̀yin tí ẹ bá dá a mọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á mọ́ra. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ni ọkọ mi lọ fi orúkọ wa sílẹ̀, ó fọwọ́ sí ìwé ìkéde ìgbéyàwó, ó sanwó, wọ́n sì lẹ orúkọ wa mọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Òfin ní kí ó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 21, ó kéré tán, kí ẹni tó bá ní ohun tó lòdì sí ìgbéyàwó náà lè wá sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni ò wá sọ nǹkan kan. Òjò nìkan ló ń fẹ́ lu ìwé náà títí tí yíǹkì orúkọ mi fi ń ṣàn wálẹ̀ lára ilẹ̀kùn. Àárín oṣù kẹjọ ni a dá ayẹyẹ sí, torí àwọn bàbá wa ní òjò máa ń sinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Lọ́dún tiwa yẹn, kò sinmi.

Odò kékeré tó wà láàárín abúlé ọkọ mi àti títì kún, ó jẹ ẹ̀gbẹ́ afárá lọ. Pápá ilé ìwé tí a fẹ́ ta kánópì sí di omi. Wọ́n pèpàdé ẹbí, wọ́n sún ìdána sí àárín oṣù kẹsàn-án. Ẹ mọ bí ìpàdé ẹbí ṣe ń rí, ta ló ń bi ìyàwó? Ọkọ mi ní kí àwa méjèèjì sáà ṣe kóòtù lọ́jọ́ tí a ti dá tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ fò dìde, wọ́n ní ṣé ó fẹ́ jí ọmọ ọlọ́mọ gbé ni, pé ìdána ló ń ṣáájú, ìwé ló ń tẹ̀lé e. Kí la fẹ́ wí? Mo bẹ ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, mo sanwó gegere lé tíkẹ́ẹ̀tì, mo sún ìrìn àjò síwájú.

Ìdána náà dùn, n ò lè purọ́. Ẹrẹ̀ ba ìsàlẹ̀ aṣọ òfì jẹ́, àwọn alága ìdúró àti alága ìjókòó kọrin títí ohùn fi há. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, a múra, a kó ẹlẹ́rìí, a forí lé káńsù. Rẹ́jísírà, òṣìṣẹ́ tó ń so tọkọtaya pọ̀ ní káńsù, ṣí fáìlì, ó wo déètì, ó pa á dé. Ó ní, "Ìwé yìí ti kú."

Ohun tó pa á nìyí, ẹ kà á dáadáa, torí òun ni mo tìtorí rẹ̀ kọ gbogbo èyí. Òfin ìgbéyàwó, Marriage Act tí gbogbo kóòtù ń lò, ní bí ìgbéyàwó ò bá wáyé láàárín oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ tí ẹ fi ìwé ìkéde sílẹ̀, ìwé náà àti gbogbo ohun tí ẹ ti ṣe lé e lórí ti di asán. Ẹ ó tún fi tuntun sílẹ̀ ni. Kì í ṣe oṣù mẹ́ta sí ìgbà tí ọjọ́ 21 pé o! Ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ fi ìwé sílẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á. Bí rẹ́jísírà bá tiẹ̀ ti fún yín ní sàtífíkéètì pé ẹ lè ṣègbéyàwó, òun náà ti bá a lọ. Ìwé yẹn dà bíi wàrà Ìlọrin, kì í pẹ́ tó fi ń kan.

Ṣé ẹnikẹ́ni sọ fún wa? Ó ti o. Gbogbo ìgbà tí ọkọ mi ń lọ síbẹ̀ lọ béèrè nǹkan ni wọ́n ń gba owó omi lọ́wọ́ rẹ̀. Owó omi, nínú oṣù tí omi ń lé èèyàn jáde nínú ilé! Ó sọ fún wọn pé a ti sún ọjọ́ síwájú, wọ́n ní kò séwu. Nígbà tí ewu dé, wọ́n ní ọ̀gá tó sọ bẹ́ẹ̀ ti lọ sí Ìlọrin fún ìpàdé. Ìpàdé tí wọ́n ń ṣe ní Ìlọrin yẹn, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń jíròrò níbẹ̀ tí kì í tán.

A fi ìwé tuntun sílẹ̀, a sanwó tuntun, ọjọ́ 21 bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo, ìsinmi mi sì tán kó tó pé. Gbogbo Ìgbómìnà mọ̀ mí sí ìyàwó ilé, ṣùgbọ́n lójú òfin, omidan ni mí nígbà tí mo wọ ọkọ̀ òfuurufú padà. Ìgbà tí ọyẹ́ ń fẹ́ ni mo tó tún wá ṣe kóòtù. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì nìyẹn o, ìwé físà ọkọ mi sì ń dúró de sàtífíkéètì ìgbéyàwó ní gbogbo àkókò yẹn. Bí mo bá rántí owó náà, orí mi á tún gbóná.

Ó yá, ọ̀rọ̀ tìrẹ. O ní Ìlọrin ni àfẹ́sọ́nà rẹ ń gbé. Kí ló wá fẹ́ mú yín lọ ṣe kóòtù ní káńsù abúlé? Ohun tí òfin ń fẹ́ ni pé kí ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjèèjì ti gbé ní àgbègbè ọ́fíìsì rẹ́jísírà náà fún ọjọ́ 15, ó kéré tán, kí wọ́n tó fún yín ní sàtífíkéètì. Òun ti ń gbé ibẹ̀, ó parí. Kí ó lọ sí èyí tó bá ilé rẹ̀ mu nínú káńsù tó wà ní Ìlọrin, ìbáà jẹ́ West, East tàbí South. Òun nìkan lè fọwọ́ sí ìwé ìkéde, o ò ní láti wà nílé. Àfídáfíìtì àti fọ́tò, ìyẹn ò ṣòro, ẹ ó rí i ṣe.

Má jẹ́ kó lọ lọ́sẹ̀ yìí torí pé inú rẹ̀ ń dùn o. Bí o bá ń bọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ìparí oṣù keje ni kí ó fi sílẹ̀. Ọjọ́ 21 á ti pé kó o tó dé, ẹ ó sì ní títí di ìparí oṣù kẹwàá, bí òjò bá tún fẹ́ ṣe bó ṣe ṣe wá. Kí ó ya fọ́tò ìwé náà pẹ̀lú déètì rẹ̀, kí ó fi ránṣẹ́ sí ọ. Kóòtù ni kí o ṣe lọ́sẹ̀ tí o bá dé, ṣáájú ohunkóhun, kódà bí ẹ̀gbọ́n bàbá ẹnikẹ́ni bá ń fò sókè. Bí wọ́n bá ti so yìgì fún yín ní tiyín, ó dára, ṣùgbọ́n ìwé tí àwọn Kánádà máa bèèrè lọ́wọ́ rẹ yàtọ̀.

Ẹnìkan sọ lókè pé òun mọ ẹni tó lè gba láísẹ́ǹsì pàtàkì tí ẹ ò fi ní dúró de ọjọ́ 21. Òótọ́ ni pé nǹkan bẹ́ẹ̀ wà nínú òfin, mínísítà ló ń fọwọ́ sí i. Ṣé ọmọ ìta tó jókòó sábẹ́ igi níwájú káńsù ni mínísítà ń rán níṣẹ́? Ẹ má fowó yín jóná.

Ọ̀nà ńkọ́? Bí Àbújá ni ọkọ̀ òfuurufú rẹ fẹ́ já ọ sí, má gbójú lé mọ́tò. Ní oṣù kẹwàá 2022, omi bo ọ̀nà Lọ́kọ́ja sí Àbújá, àwọn èèyàn sun ojú títì. Ọ̀nà kejì, tó gba Mòkwá àti Jẹ́bà, ẹ rí ohun tí omi ṣe ní Mòkwá nínú oṣù karùn-ún 2025. Wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sí Ìlọrin tààrà, ó wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n wàá sùn. Láti Ìlọrin sí Àjàṣẹ́ sí Òmù-Àrán, òwúrọ̀ ni kí o rìn. Kì í ṣe torí omi nìkan, ìwọ náà ń gbọ́ ìròyìn ajínigbé.

Ti màmá ló dùn mí jù. Ìyá ọkọ mi náà kọ̀, wọn ò fi ewúrẹ́ wọn sílẹ̀, wọn ò fi ẹ̀gẹ́ tó wà nílẹ̀ sílẹ̀. Má bá màmá jà lórí fóònù. Ẹ̀gẹ́ tí omi bá dúró lé lórí á jẹrà nínú ilẹ̀, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi lè kúrò. Fi owó ránṣẹ́ nísinsìnyí kí wọ́n fi gba lébìrà, kí wọ́n wú èyí tó bá ṣeé wú, kí wọ́n fi rẹ fùfú, torí kò sí oòrùn tí wọ́n fẹ́ fi sá èlùbọ́. Lẹ́yìn tí ẹ̀gẹ́ bá ti wọlé, wàá rí i pé ọ̀rọ̀ Ìlọrin á rọ̀ wọ́n lọ́rùn díẹ̀. Tiwa tiẹ̀ gbà láti dúró lọ́dọ̀ ọmọ wọn títí omi fi fà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n kó ewúrẹ́ méjì dání.

Àádọ́rin ọdún yẹn, sún un sí oṣù kejìlá. Ta ni yóò jókòó sábẹ́ kánópì nínú ẹrẹ̀? Ní oṣù kejìlá, ilẹ̀ á ti gbẹ, iṣu á wà nílé, àwọn ọmọ ìlú á ti Èkó dé. Bí o ò bá lè padà wá, fi owó ṣe é, màmá á jó lórí fídíò, ìwọ náà á rí i. Ní oṣù kẹsàn-án, se ìrẹsì fún wọn, kí aláfáà tàbí pásítọ̀ gbàdúrà, kí o dọ̀bálẹ̀, ó tó.

O tún bèèrè ìdí tí ẹlẹ́rìí fi gbọ́dọ̀ tètè dé. Ẹlẹ́rìí méjì ni òfin ń fẹ́, aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nìkan ni rẹ́jísírà sì lè so yín pọ̀ ní ọ́fíìsì rẹ̀. Bí o bá mú ẹni tó ń bọ̀ láti abúlé, odò lè dá a dúró títí aago mẹ́rin fi kọjá. Mú ẹni méjì tó ń gbé Ìlọrin, kí wọ́n mú káàdì ìdánimọ̀ dání, kí o sì wò ó dáadáa pé orúkọ tó wà lórí ìwé rí bákan náà lẹ́tà fún lẹ́tà pẹ̀lú ti páṣípọ́ọ̀tù rẹ kó o tó fọwọ́ sí i.