Bí mo bá fi góòlù bo lẹ́búlẹ́bú fàdákà, ṣé yóò tètè yọ́?

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà ni mò ń ṣe ní Sábó, Ìkòròdú. Wọ́n ní bí irin bá ṣe kéré tó ló ṣe máa ń tètè yọ́ tó. Tí mo bá lọ fàdákà kúnná, tí mo wá fi góòlù bò ó, ṣé gáàsì tí mò ń jó máa dínkù?

Ìdáhùn: Ẹni tó sọ fún yín kò parọ́, àmọ́ lẹ́búlẹ́bú tó ń jábọ́ lẹ́nu fáìlì yín kò tíì kéré tó. Irun orí kan nípọn tó nǹkan bí 80,000 nánómítà (bí ẹ bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ìdá kan ni nánómítà). Wóró tí ọ̀rọ̀ yìí bá wí kò ju nánómítà mélòó kan lọ. Irú wóró bẹ́ẹ̀, etí ni púpọ̀ nínú átọ́ọ̀mù rẹ̀ (àwọn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di irin) wà, kò sì sí ẹni tó dì wọ́n mú lápá ìta, ni iná díẹ̀ fi ń tú wọn ká. Góòlù tó ń yọ́ ní dìgírì 1,064 kì í dúró débẹ̀ rárá tó bá ti kéré tó nánómítà 2 tàbí 3.

Aṣọ góòlù tí ẹ fẹ́ wọ̀ fún un ló wá kù. Etí ni yíyọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Átọ́ọ̀mù góòlù àti ti fàdákà sì bára mu bí igbá pẹ̀lú ọmọrí rẹ̀, góòlù á di etí fàdákà pa. Àwọn kan dán an wò ní 1986: iná fi nǹkan bí dìgírì 25 kọjá 962 tí fàdákà ń yọ́, fún bí ìṣẹ́jú kan, ti inú kò sì yọ́. Gáàsì yín á pọ̀ sí i ni o!

Tó bá di ọ̀rọ̀ dídì, aṣọ yẹn kan náà ló ń yá a. Ẹ ti gbé omi inú ìgò kúrò nínú fíríìsà rí, tó ṣì ń ṣàn, tí ẹ kàn gbọ̀n ọ́n, tó di yìnyín lójú yín? Irin yíyọ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wóró kékeré tó mọ́ lè tutù ju ibi tó yẹ kó ti dì lọ, kó má sì dì, torí kò rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Aṣọ tó bá a mu ló ń fi ibẹ̀ hàn án. Èyí tí kò bá a mu kò ràn án lọ́wọ́.

Bàbà ni kí ẹ wá lọ. Òun nìkan, 1,085 ló ń yọ́, ṣùgbọ́n ibi tó bá ti fara kan fàdákà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn ní nǹkan bí 780. Kò tiẹ̀ dìgbà tí ẹ bá lọ̀ ọ́ kúnná: ẹ yọ́ fàdákà 72 pọ̀ mọ́ bàbà 28 nínú 100, kí ẹ máa fi lẹ nǹkan. Ẹ má gbàgbé bórásì, ìyẹ̀fun funfun tí kì í jẹ́ kí irin dúdú nínú iná, torí láìsí i, iná á sọ bàbà di dúdú, kò sì ní lẹ̀. Góòlù yín, ẹ fi pamọ́ de oníbàárà.