Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ìlànà Ìpìlẹ̀ Ìjọ, Ìṣọ̀kan àti Iṣẹ́ Ìhìnrere

*Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Pásítọ̀ wa yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje pé kí á kọ ìlànà ìpìlẹ̀ ìjọ wa sílẹ̀. A ti kó ohun mẹ́rìnlá jọ: ìfẹ́, ìwà mímọ́, àdúrà, ìṣọ̀kan àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní ó dára, àwọn ọ̀dọ́ ní kò sọ nǹkan kan. Níbo la ti ṣì í?*
Akọ̀wé ìgbìmọ̀, àdúgbò Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́

Akọ̀wé wa, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Àwọn ọ̀dọ́ yẹn ò parọ́. Kò sí ìjọ tí yóò dìde pé òun kò fẹ́ ìfẹ́. Ìlànà tí kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn kò ní lè ran yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí owó bá kéré, tàbí tí ètò méjì bá bọ́ sí Sátidé kan náà. Mẹ́rìnlá sì pọ̀ jù. Ẹ ní kí ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ kà wọ́n tán láìwo ìwé, ẹ ó rí i. Mẹ́rin sí mẹ́fà ti tó. Nígbà tí àwọn àpọ́sítélì àti àwọn àgbà jókòó ní Jerúsálẹ́mù lórí ọ̀rọ̀ àwọn Kèfèrí tó gbàgbọ́ (Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 15), ohun mẹ́rin péré ni wọ́n ní kí wọ́n yẹra fún nínú lẹ́tà tí wọ́n kọ sí Áńtíókù. Wọ́n tún fi Júdásì àti Sílà tẹ̀lé lẹ́tà náà, kí wọ́n lè fi ẹnu ara wọn ṣàlàyé rẹ̀.

Orí ọ̀rọ̀ lẹ ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ lẹ ti ṣì í. Wọ́n sì ń kì yín ní ọmọ ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹkà kí wọ́n tó mùkọ! Ẹ jẹ ọkà náà ná. Ọkà ibẹ̀ ni ìwé owó ìjọ ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn àti kàlẹ́ńdà ètò ìjọ. Kí akápò pín ìnáwó sí ọ̀nà márùn-ún: ilé àti ẹ̀rọ, owó oṣù, àjọ̀dún àti ìkórè, ìrànlọ́wọ́ aláìní, iṣẹ́ ìhìnrere. Kó ṣírò iye tó bọ́ sí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún náírà. Bí ìhìnrere bá jẹ́ náírà méjì, tí kánópì àti jíjẹ-mímu ìkórè sì jẹ́ ogún, ìjọ yín ti ní ìlànà tẹ́lẹ̀, ẹ ò kàn tíì kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe lè ka ìtàn ìlú yín. Àwọn Onítẹ̀bọmi tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855 fi ilé-ẹ̀kọ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run lélẹ̀ ní 1898, iṣẹ́ ìwòsàn sì tẹ̀lé e ní 1907. Ẹni tó bá rí ibi tí owó àti òṣìṣẹ́ wọn lọ ti mọ ohun tí wọ́n kà sí, bí wọn ò tiẹ̀ kọ ọ́ sórí pátákó.

Ẹ tún wo ìgbìmọ̀ náà fúnra rẹ̀. Bí méjèèje bá jẹ́ díákónì àti olórí ẹgbẹ́, ohun tí wọ́n ti mọ̀ ni wọn yóò tún kọ. Ẹ sọ ọ́ di méjìlá. Ẹ fi ọ̀dọ́ méjì sí i, obìnrin méjì tí kì í ṣe olórí ẹgbẹ́ kankan, àti ẹnì kan tó darapọ̀ mọ́ ìjọ láàárín ọdún méjì sí ìsinsìnyí. Ẹni tuntun ló ń rí ohun tí ojú àwa yòókù ti mọ́ lára. Kí pásítọ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ kó má jẹ́ alága. Bó bá ti jẹ́ òun ló ń darí ìjókòó, “ẹ ṣeun sà” ni gbogbo èèyàn máa ń sọ, ìráhùn á wá di ti ẹnu ọ̀nà.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìbéèrè mẹ́ta lọ sí kíláàsì ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi gbogbo. Kí ni ìjọ yìí ṣe tẹ́ ẹ fi dúró síbẹ̀? Kí ni kò gbọ́dọ̀ kúrò, kódà bí a bá yí pásítọ̀ padà? Ta ni kò lè wọlé wá síbí kí ara tù ú? Kí wọ́n kọ ọ́ láìfi orúkọ sí i. Fún àwọn ìyá àti bàbá tí kì í kọ̀wé, kí ọ̀dọ́ kan bá wọn kọ ọ́, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ ọmọ wọn. Ìyá kì í fẹ́ kí ọmọ òun gbọ́ pé owó ìdá ẹgbẹ́ ti ń ni òun lára. Ìbéèrè kẹta ló máa ń dun àwọn àgbà jù, òun ló sì wúlò jù.

Ọ̀nà tí ẹ ó gbà kọ ọ́ rèé: kí ìlànà kọ̀ọ̀kan ní ìhà méjì, ohun tí a ń ṣe àti ohun tí a kì í ṣe nítorí rẹ̀. “Àlejò ṣe pàtàkì sí wa, nítorí náà a kì í fi ìjókòó iwájú pamọ́ de ẹnikẹ́ni lẹ́yìn orin ìbẹ̀rẹ̀.” “Òtítọ́ la fi ń ṣe owó ìjọ, nítorí náà à ń ka ìṣirò sétí ìjọ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, a kì í sì ná owó ilé sórí nǹkan mìíràn láìkọ́kọ́ bi ìpàdé ìjọ.” Irú èyí ni ọ̀dọ́ lè bá jiyàn, òun náà ni ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè fi mú yín. Bí ìhà kejì kò bá ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ẹ má da ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ mọ́ ọn. Mẹ́talọ́kan àti ìrìbọmi kì í ṣe ohun tí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méjìlá ń jókòó yàn. Àwọn yẹn ti wà nínú ìwé ìgbàgbọ́ ìjọ yín. Láàárín Onítẹ̀bọmi, ìpàdé ìjọ ló ní àṣẹ ìkẹyìn lórí ìlànà. Nínú ìjọ tó ní bíṣọ́ọ̀bù, ẹ fi hàn wọ́n lókè kí ẹ tó kà á sétí ìjọ. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, kí oṣù kan wà láàárín. Ẹ má sì tẹ́wọ́ gba èyí tó fi ìbò kan tàbí méjì borí. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ni ká ní ó kéré jù, nítorí ìdajì ìjọ tí wọ́n fi ìbò tẹ̀ lórí ba kò ní fi owó rẹ̀ tẹ̀lé e.

Ohun méjì ló sábà máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Èkíní ni dída ti ìjọ ńlá Èkó kọ. Ìjọ tí àgbẹ̀ àti oníṣòwò pọ̀ nínú rẹ̀ ò lè ru ìlànà tí wọ́n dá fún òṣìṣẹ́ báńkì. Èkejì burú jù ú lọ: kí wọ́n kọ ìlànà láti fi bá ẹnì kan jà. Bí gbogbo ìjọ bá ti mọ arákùnrin tí “a kì í pẹ́ dé” ń bá wí, ẹ lọ bá a nílé rẹ̀.

*Ẹ kú àárọ̀ o. Ìjọ wa wà nítòsí yunifásítì LAUTECH. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fẹ́ ìsìn Gẹ̀ẹ́sì, àwa àgbà ń fẹ́ Yorùbá. Ẹ̀rù ń bà wá pé a ó di ìjọ méjì. Kí la lè ṣe?*
Ìyá ìjọ kan, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú àárọ̀, Ìyá wa. Ìsìn méjì kò pọn dandan kó di ìjọ méjì. Ohun tó ń pín ìjọ ni àpò méjì àti olórí méjì. Ẹ jẹ́ kí akápò, ìgbìmọ̀ díákónì àti oúnjẹ alẹ́ Olúwa wà lójú kan. Nínú ọdún, oṣù mẹ́rin sábà máa ń ní Sunday márùn-ún, nígbà mìíràn oṣù márùn-ún. Ẹ fi Sunday karùn-ún náà ṣe ìsìn àpapọ̀. Kí oníwàásù rántí pé ìwàásù ogún ìṣẹ́jú di ogójì bí wọ́n bá ń túmọ̀ rẹ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Kó múra ìṣẹ́jú méjìdínlógún sílẹ̀, ó parí! Ẹ kọ orin ní Yorùbá, kí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì hàn lára ògiri.

Ẹ wo ohun tí ìjọ àkọ́kọ́ ṣe nígbà tí àwọn tó ń sọ èdè Gíríìkì ráhùn pé wọn ò ka àwọn opó àwọn sí (Ìṣe 6). Orúkọ Gíríìkì ni gbogbo àwọn méje tí wọ́n yàn ń jẹ́. Wọ́n fi iṣẹ́ náà lé àwọn tí ó ń dùn lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ tó ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, bí ìṣirò tàbí àbójútó àlejò. Orin nìkan kò tó. Ẹ sì fi ìdúró wọn sọ́kàn: ìsinmi ilé-ìwé a máa kó wọn lọ, nítorí náà kí ẹni méjì máa ṣe iṣẹ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan àti ọmọ ìlú kan.

Ìyapa kì í sábà ti orí ẹ̀kọ́ wá. Ní 1888, ìjọ Onítẹ̀bọmi ìlú Èkó pín sí méjì. Lára ohun tó fà á ni bí wọ́n ṣe yọ òjíṣẹ́ kan, Moses Ladejo Stone, láìfọ̀rọ̀ lọ ìjọ. Ọdún 1914 ni ẹ̀ka méjèèjì tó tún para pọ̀ nínú ẹgbẹ́ kan, Mojola Agbebi tó wà lára àwọn tó yapa sì di ààrẹ rẹ̀. Ẹ rí i pé wọ́n fún ẹni tó jáde ní àga nígbà tó padà. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ń bínú jáde lọ́dọ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ ọ́.

*Ìjọ mẹ́ta ni wá, Onítẹ̀bọmi, Ánglíkà àti ìjọ Àpọ́sítélì. A fẹ́ jọ ṣe ìhìnrere ní àyíká ọjà Akẹ̀sán àti ní àwọn abúlé. Kí la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bára wa sọ?*
Díákónì kan, Ọ̀yọ́

Ibi tí àwọn ẹni tuntun máa lọ. Ẹ kọ ọ́ kalẹ̀ kí ẹ tó ya gbohùngbohùn: ìjọ tó sún mọ́ ilé ẹni náà jù ni, àyàfi bí òun fúnra rẹ̀ bá yan òmíràn. Àìsọ èyí ló ń sọ ìhìnrere àpapọ̀ di ìjà lóṣù kejì. Kí káàdì kan ṣoṣo wà tí wọ́n fi ń gba orúkọ, àdúgbò àti nọ́ńbà fóònù, kí ẹnì kan sì dé ilé ẹni náà kí ọ̀sẹ̀ tó pé. Ẹ fi ẹni tí kì í ṣe oníwàásù ránṣẹ́. Aládùúgbò dára jù.

Lẹ́yìn èyí, owó. Àpò kan, olùbuwọ́lù méjì láti ìjọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìṣirò láàárín ọjọ́ méje. Kí orúkọ ìjọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tóbi bákan náà lára bánà, kí lẹ́tà a-b-d tò wọ́n. (Ẹ má rẹ́rìn-ín, bánà ti tú ìgbìmọ̀ ká rí.) Kí ẹnikẹ́ni má wàásù lórí ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ tàbí èdè àjèjì lórí pèpéle yẹn. Ẹ lè fi Ẹgbẹ́ Ọmọlẹ́yìn Kristi, CAN, ti ìjọba ìbílẹ̀ yín ṣe alága bí ẹ ò bá fẹ́ kí ìjọ kan ga ju èkejì lọ.

Ní Ọ̀yọ́, ilé kan náà ni Mùsùlùmí àti Kristẹni ti ń jẹun. Ẹ má tan gbohùngbohùn nítòsí mọ́sáláṣí lásìkò Jímọ̀, ẹ má sì fi ìrẹsì ra ìgbàgbọ́. Bí ẹ ó bá fún èèyàn ní nǹkan, ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ìwàásù náà gbọ́dọ̀ rí i gbà. Bí ẹ bá ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, nọ́ọ̀sì ni kó wọ̀n ọ́, kí ẹni náà sì jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó wọ̀n. Ẹni tí tiẹ̀ bá ti tó 180/120, kí wọ́n tún un wọ̀n, bí kò bá sì sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n mú un lọ ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Owó ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ gbọ́dọ̀ ti wà nínú ètò ìnáwó. Fún abúlé, láti oṣù kọkànlá sí ìkejì lọ̀nà gbẹ, iṣẹ́ oko sì dẹ̀. Ẹ má lọ ní oṣù karùn-ún kẹ́ ẹ wá ṣàròyé pé àwọn àgbẹ̀ kò jáde.

*Ṣé kí á kun ìlànà wa sára ògiri ìjọ?*
Ọ̀dọ́ kan, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ fi ṣe ètò ìṣúná ọdún kan ná. Èyí tó bá yí ibi tí owó ń lọ padà, ẹ kun ún.