Loutro tàbí Stoupa: ibo ni kí a kó àwọn ọmọ dé sí ní Gíríìsì?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́. Peterborough la wà. A fẹ́ kó àwọn ìbejì wa, ọmọ ọdún 8, lọ sí Gíríìsì fún ọ̀sẹ̀ kan lóṣù kẹjọ: ká rìn díẹ̀ láàárọ̀, ká jókòó sétí òkun lọ́sàn-án. A ò ní wakọ̀. Loutro ní erékùṣù Crete ló wù mí, ọkọ mi ní Stoupa, ìlú etí òkun ní gúúsù ilẹ̀ Gíríìsì. Kí lẹ rí sí i? – Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ètò. Bàbá Ìbejì ló sọ òótọ́. Stoupa ni kí ẹ lọ, kó má sì jẹ́ oṣù kẹjọ.

Loutro rẹwà, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n títì kankan ò dé ibẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi láti Chora Sfakion, ìlú etí òkun tó wà nítòsí, ni tàbí ẹsẹ̀ yín. Bí afẹ́fẹ́ bá le, ọkọ̀ ò ní ṣí. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tó so ìlú méjèèjì gba etí òkun Glyka Nera kọjá. Àpáta lápá kan, òkun lápá kejì, òjìji ò tó nǹkan. Ọ̀nà yẹn ni ọmọkùnrin wa ti ṣíwọ́ ọ̀rọ̀ lójijì, ọmọ ọdún 9. Kò sunkún, kò ní ó rẹ òun. Mo pè é, ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí. Ara rẹ̀ gbẹ, ó gbóná janjan. Ọkọ̀ ojú omi kékeré kan ló gbé wa kúrò ní Glyka Nera. Ara rẹ̀ yá, àmọ́ títí di òní, bó bá ti dákẹ́ jù nínú mọ́tò, mo ti yíjú wò ó.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ. Nílé ní Nàìjíríà, òógùn á bo èèyàn, aṣọ á lẹ̀ mọ́ni lára, ìyá á ti mọ̀ pé ọmọ nílò omi. Níbẹ̀, bí òógùn ṣe ń yọ ni afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ. À ń wo àwọn ọmọ wa bí ẹni tí oòrùn Ìbàdàn wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, òtútù Leeds ni ara wọn mọ̀. Ó wà lára ohun tí wọ́n pàdánù, ó sì ń dùn mí. Àwọn kan á ní kí la dé Gíríìsì lọ ṣe nígbà tí ìyá àgbà ń retí wọn. Kí wọ́n lọ béèrè iye tíkẹ́ẹ̀tì èèyàn mẹ́rin sí Èkó lóṣù kẹjọ kí wọ́n tó bá wa wí.

A sì ti kọ́ wọn pé ẹni tó ní ó rẹ òun ń ya ọ̀lẹ. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ sọ fún àwọn ìbejì pé lórí òkè, ẹni tó bá tètè sọ ọ́ la máa yìn. Ẹ gbéra ní aago méje, kí ẹ ti padà ní mẹ́wàá ààbọ̀. Ìdajì líta omi fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kan, kí ẹ fi ìdajì líta kún un fún pàjáwìrì. Fìlà tó bo ọrùn, ORS (iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi mu) nínú báàgì. Bí ọmọ bá ń ṣe ràdàràdà, ẹ gbé e sábẹ́ òjìji, ẹ da omi tútù sí gbogbo ara rẹ̀, kí ẹ pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì. Lóṣù kẹfà 2024, arìnrìn-àjò mélòó kan tó jáde rìn nínú ooru kú ní Gíríìsì. Kì í ṣe àsọdùn.

Ní Stoupa, iyanrìn ni etí òkun, omi rẹ̀ kò sì jìn lójijì. Kalogria wà nítòsí. Omi tútù ń sun láti abẹ́ òkun níbẹ̀, àwọn ọmọ á fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ lè rìn létí omi dé Agios Nikolaos, kìlómítà mẹ́ta sí mẹ́rin péré, kí ẹ wọ takisí padà. Kardamyli, tí àwọn ọ̀nà òkúta àtijọ́ ti gun òkè, kò jìnnà. Títì wà, ambúláǹsì lè débẹ̀. Ìsinmi àárín sáà iléèwé, ní ìparí oṣù karùn-ún, ló dára jù. Omi á ṣì tutù díẹ̀, oòrùn ò tíì le. Láti Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ òfurufú máa ń lọ tààrà sí Kalamata. Láti ibẹ̀ dé Stoupa á gbà yín tó wákàtí kan àti díẹ̀ sí i, ọ̀nà òkè ni.

Kí ẹ tó sanwó ilé, ẹ bi onílé: àtẹ̀gùn mélòó ló wà láti etí òkun dé ẹnu ọ̀nà? Ṣé owó ẹ̀rọ amúlétutù wà nínú rẹ̀? Ṣé fíríìjì ń dì? "Ìṣẹ́jú márùn-ún sí òkun" lè jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ìsọ̀kalẹ̀, ogún ìṣẹ́jú ìgòkè pẹ̀lú ọmọ tó ti rẹ̀.

Bó bá jẹ́ páásípọ́ọ̀tì Nàìjíríà lẹ ṣì ń lò, ilé tí wọ́n ń dá owó rẹ̀ padà ni kí ẹ gbà, torí ẹ máa nílò físà Schengen, ìyẹn físà tí Gíríìsì àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, wọ́n sì lè má fún yín. Wọ́n ń gba ìwé láti oṣù mẹ́fà sí ìrìn àjò. €90 fún àgbàlagbà kan, ìnṣọ́ránsì ìlera rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí €30,000. Àyè ọjọ́ tí ẹ máa lọ fi ìwé físà sílẹ̀ tètè ń kún, ẹ gbà á kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.