Àwo ni, kì í ṣe awo: ìdáhùn fún ọmọ tó béèrè ní Òkè-Fìà

Inú bí mi lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Òkè-Fìà, nílùú Òṣogbo, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta kan wà níbẹ̀ tí kálukú ń sọ àwo tó ń gbọ́ lọ́wọ́ àti ìdí tó fi ń gbọ́ ọ. Ọ̀kan ní fújì àtijọ́ ni, torí ó máa ń jẹ́ kí ojú òun là tí òun bá ń wa mọ́tò lóru. Èkejì ní ọmọ ìsinsìnyí kan ni, ìlù rẹ̀ ló wu òun, òun ò tilẹ̀ mọ ohun tó ń wí. Mo ń gbádùn wọn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Àfi bí èyí tó kéré jù nínú wọn ṣe béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tá a fi ń pe álíbọ́ọ̀mù ní àwo?" Onígbàjámọ̀ dá a lóhùn bí ẹni tó ti Ifẹ̀ dé: ó ní inú ẹgbẹ́ awo ni gbogbo olórin ayé àtijọ́ wà, òun gbọ́ ọ lórí rédíò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́.

Abẹ ti wà lórí mi nígbà náà. Èèyàn kì í bá ẹni tó mú abẹ lọ́wọ́ jiyàn. Mo ṣèlérí fún ọmọ náà pé màá kọ ìdáhùn sílẹ̀, òun nìyí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pa irọ́ yẹn. Awo tí babaláwo ń ṣe, ohùn àárín méjì ni: re-re. Àwo tí a fi ń jẹun, òun náà ni àwo orin, ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀: dò-re. Kò sí ọmọ Yorùbá tí ahọ́n rẹ̀ ń pa méjèèjì pọ̀. Ẹ ní kí onígbàjámọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ sọ pé àwo tuntun ti jáde, ẹ óò gbọ́ ohun tó máa pè. Yorùbá tí a ń tẹ̀ sórí fóònù láìfi àmì sí i ló da ilé rú. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ní láti ara awọ ìlù ni. Ìyẹn tiẹ̀ fẹnu ba ìlù, àmọ́ kì í ṣe òun náà; ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Àwo oúnjẹ ni. Àgbàlagbà tí ẹ bá bi máa sọ pé torí ó rí róbótó ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Ọpọ́n náà rí róbótó. Ìdérí ìkòkò rí róbótó, ó tiẹ̀ tún tẹ́ ju àwo lọ. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò pè é ní ìdérí? Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì dé, tó ní igun mẹ́rin, kí ló dé tí orúkọ náà ò kú? Lónìí, orin ò sí nínú ohun kan tí ọwọ́ lè dì mú mọ́, síbẹ̀ wọ́n á ní lágbájá gbé àwo jáde.

Èrò tèmi rèé, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó: àwo ni ohun tí a fi ń gbé nǹkan síwájú ẹni tí a fẹ́ yẹ́ sí. Olórin ayé ìgbà náà kì í kàn dédé kọrin sáfẹ́fẹ́, ó ní ẹni tó ń kọ ọ́ fún. Ẹ fetí sí bí àwọn bàbá wa ṣe ń sọ ọ́: "Wọ́n ti kọ lágbájá sínú àwo." Sínú ni wọ́n wí. Tó bá jẹ́ ohun tó tẹ́ pẹrẹsẹ nìkan ni wọ́n rí, wọn ì bá ní sórí àwo. Inú ni a ń bu ọbẹ̀ sí. Ẹ tún wo "gbé jáde". Ta ló ń gbé àwo jáde nínú ilé? Ìyàwó ilé tí àlejò ń bẹ ní pálọ̀ rẹ̀ ni.

Ẹ wo Haruna Ishola, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, àgbà olórin àpàlà. Àwo àkọ́kọ́ tó ṣe lọ́dún 1948, Ọba Adébóyè, Orímolúsì ìlú rẹ̀, ló gbé sínú rẹ̀. Àwo náà kò tà. Lẹ́yìn tí ọba wàjà ni wọ́n tún un kọ, ìgbà náà ni wọ́n wá ń wá a kiri. Oje kòkòrò ni wọ́n fi ń ṣe àwo ìgbà yẹn. Ó wúwo, ó sì ń fọ́ bíi tánganran. Ó ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, ojú kan rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Èèyàn mélòó lẹ fẹ́ bù sínú ìyẹn? Nígbà tí àwo ńlá dé, èyí tó ń rọra yí, tí ojú kan rẹ̀ ń gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, àyè wá gba odindi ẹgbẹ́. Lọ́dún 1971, Haruna gbé àwo kan jáde, ó fi orúkọ ẹgbẹ́ kan pè é, Oroki Social Club. Òròkí tiwa yìí náà ni, Òṣogbo, Òròkí Asàlà, ìlú aró. Àwo yẹn wà lára àwọn tó tà jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, ó sì gbé orúkọ Òṣogbo dé ilé àwọn tí kò mọ ọ̀nà ibí. Yusuf Olatunji náà ṣe irú rẹ̀, Ayinla Ọmọ́wúrà náà ṣe é, n ò ní rò ó tán.

Nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, bàbá mi ní rédíógíràmù, ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ àwo. Ẹni tí kò bá fọwọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àwo, bí ìgbà tí a fẹ́ jẹun gẹ́lẹ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àlejò wà níjókòó, bàbá mi pè mí pé, "Gbé àwo wá." Mo sáré lọ sí ilé ìdáná, mo gbé àwo tánganran tí ìyá mi fi pamọ́ fún ọdún iléyá wá, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, mo kúnlẹ̀. Pálọ̀ dàrú fún ẹ̀rín. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kò ṣìnà púpọ̀."

Àlejò ọjọ́ náà, oníṣòwò kòkó ni. Olórin sákárà kan ti kọ ọ́ sínú àwo, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀rọ tó lè fi gbọ́ ara rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bó bá kírun tán, á yà nílé wa, á ní, "Ẹ bá mi gbé ara mi sí i." Bí abẹ́rẹ́ bá ti dé orí orúkọ rẹ̀, á dìde, á tún fìlà ṣe, á jó ẹsẹ̀ méjì péré, á fi ṣílè kan lé orí rédíógíràmù bí ẹni tó ń náwó fún olórin, á sì padà jókòó. Ìyá mi ló ń kó àwọn ṣílè náà. Nígbà tó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wá yá àwo yẹn lọ síbi ìsìnkú. Kò padà títí dòní.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ kejì fi dùn mí ju ti onígbàjámọ̀ lọ. Ọmọ tó béèrè ìbéèrè yẹn, sákárà ni òun ń gbọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ fún mi lórí fóònù rẹ̀. Nígbà tí olórin bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ náà na ìka, ó fò ó. Ó ní ibẹ̀ ni òun máa ń fò, pé òun ò mọ ta ni gbogbo wọn. Ẹ gbọ́ mi? Ó da oúnjẹ nù, ó ń lá etí àwo! Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ̀ ń gbọ́ àgbà olórin, ẹ ò gbọ́ ẹni tí àgbà olórin ń wí. Mo ní kó dá a padà. Nígbà tó dé orí agbo ilé kan, ó ní, "Bàbá, agbo ilé ìyá mi nìyẹn." Mo ní kó gbé e lọ fún ìyá rẹ̀ àgbà ní Ayétórò.

Ó pè mí láàárọ̀ àná. Ìyá àgbà gbọ́ ọ tán, ó ní bàbá òun ò sí níbẹ̀, ojú kejì ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ọmọ náà wá ń bi mí bí wọ́n ṣe ń yí fóònù sí ojú kejì.