Èsì: Kí ẹ tó sanwó katakata tuntun

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ṣé àwọn tó ń ta katakata tuntun máa ń dín owó rẹ̀ kù. Wọ́n ń dín in, àmọ́ ẹ má lọ bá ẹnìkan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí ẹni méjì kọ iye tiwọn sínú ìwé, kí ẹ fi ti èkíní han èkejì.

Bí wọ́n bá ní àwọn ò lè yọ kọ́bọ̀, ẹ bèèrè ènì: irin ìtúlẹ̀ onídíìsì mẹ́ta, fílítà, owó ọkọ̀ tó máa gbé e dé oko. Fílítà mẹ́fà ni èmi fi ẹ̀rín gbà!

Ẹ wo mítà wákàtí tó wà níwájú sítíà, èyí tó ń ka iye wákàtí tí ẹ́ńjìnnì ti fi ṣiṣẹ́. Tó bá ti ka 200, wọ́n ti lò ó, ọ̀dà tuntun ò sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ sì bi wọ́n: tó bá bàjẹ́ kí gáránǹtì tó parí, ṣé wọ́n á wá bá yín ní Ṣakí, àbí ẹ̀yin lẹ ó gbé e lọ sí Ìbàdàn?