Iná Iwájú Mọ́tò Mi Ń Ṣú, Kò sì Fẹ́ Dáhùn Láàárọ̀: Ṣé Wáyà Ẹ́ẹ̀tì Ni Kí N Fi Kún Un?

Ìbéèrè: Ọ̀gá ríwáyà, ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè-Fìà ni mò ń gbé, níbí l'Óṣogbo. Láti bí oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti gbé ẹ́ńjìnnì tókúnbọ̀ sínú mọ́tò mi ni mi ò ti gbádùn rẹ̀ mọ́. Tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, á kàn máa dún "ká, ká, ká", ó lè tó ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó dáhùn. Lálẹ́, iná iwájú ń ṣú, bí mo bá sì tàn án báyìí, abẹ́rẹ́ tó ń fi hàn bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó á gòkè. Bí mo bá pa á, abẹ́rẹ́ á sọ̀ kalẹ̀. Mo ti ra bátìrì tuntun, ibi pẹlẹbẹ náà ló ṣì wà. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ra àwọn wáyà ẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń tà, kí wọ́n so ó yí ẹ́ńjìnnì ká. Ṣé ó máa ṣiṣẹ́? Ibo ni kí wọ́n so ó mọ́?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó tún náwó. Abẹ́rẹ́ tí ẹ mẹ́nu bà yẹn ló tú àṣírí fún mi. Omi inú ẹ́ńjìnnì kò lè gbóná lójijì torí pé ẹ tanná, kó sì tutù lójú ẹsẹ̀ tí ẹ paná. Ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì, ló fẹ́ àtúnṣe. Pípààrọ̀ ẹ́ńjìnnì tí ẹ sọ sì ti jẹ́ kí n mọ ibi tí màá kọ́kọ́ wò.

Iná kì í jáde nínú bátìrì kó má padà síbẹ̀. Wáyà pupa ló ń gbé e lọ. Irin mọ́tò fúnra rẹ̀ ló ń gbà padà wá sí orí nẹ́gẹ́tíìfù. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kò kan bọ́dì. Róbà wà nínú síìtì tí wọ́n gbé e lé, iná kò sì lè gba inú róbà kọjá. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣe mọ́tò fi so wáyà kan, èyí tó máa ń pẹlẹbẹ bí ìgbànú nígbà míì, láti ara ẹ́ńjìnnì tàbí gíábọ́ọ̀sì mọ́ bọ́dì. Bí mẹkáníìkì bá ń sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, ó gbọ́dọ̀ tú wáyà yìí. Tó bá ń gbé òmíràn sí i, òun ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé, torí pé mọ́tò á ṣì ṣíná láìsí i. Tàbí kí wọ́n dè é mọ́ ibi tí ọ̀dà wà, èyí tí kò yàtọ̀ sí pé wọn ò dè é rárá.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, ọ́tánétọ̀ tó wà lára ẹ́ńjìnnì ló ń pèsè iná, kì í ṣe bátìrì mọ́. Bọ́dì sì ni wọ́n so iná iwájú mọ́. Nítorí náà, iná tí gílóòbù bá lò gbọ́dọ̀ ti bọ́dì padà sí ẹ́ńjìnnì. Tí ọ̀nà yẹn bá dí, iná á ṣú, géèjì á sì máa ka ìkàkúkà. Láàárọ̀ ẹ̀wẹ̀, kíkísítátà ló ń jìyà rẹ̀. Ayọ́kẹ́lẹ́ lásán lè fa iná tó tó 150 áńpù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá ń yí ẹ́ńjìnnì. Bí ìdènà inú ẹ́ẹ̀tì bá tó ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún óòmù, fólítì 1.5 ti sọnù sójú ọ̀nà nìyẹn, nínú 12.6 tí bátìrì tó kún ní. Bátìrì tuntun kò lè wo irú àìsàn yìí sàn.

Ibi pẹlẹbẹ la ti í mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ, torí náà ẹ ti ibi wáyà jọ́ńpà bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa, ẹ fi orí kan jọ́ńpà dúdú gbá orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì mú, ẹ fi ìkejì gbá irin ẹ́ńjìnnì tó mọ́ mú, ibi tí bẹ́líìtì tàbí fáànù kò lè dé. Ẹ wá yí kọ́kọ́rọ́. Tó bá dáhùn wàrà, ẹ ti mọ ibi tó ń dùn ún.

Tí ríwáyà yín bá ní mítà, kó gbé e sí fólítì DC. Kó fi ẹnu kan kan orí nẹ́gẹ́tíìfù gan-an, kì í ṣe tẹ́mínà tó gbá a mú, kó fi ìkejì kan irin ẹ́ńjìnnì, kí ẹnìkan máa yí kíkísítátà. Tó bá wà ní 0.2 tàbí kó dín, ẹ́ẹ̀tì dára. Tó bá ti ju 0.5 lọ, ó fẹ́ àtúnṣe. Lẹ́yìn náà kó tan gbogbo iná pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́, kó wọn ẹ́ńjìnnì sí bọ́dì: kò yẹ kó kọjá 0.1.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi mítà tó ń dún "píìn" sọ fún yín pé ẹ́ẹ̀tì dára. Okùn bàbà kan ṣoṣo tó kù nínú wáyà á jẹ́ kó dún, kò sì lè gbé kíkísítátà. Nígbà òjò tó kọjá, mo gé wáyà dúdú kan tí òde rẹ̀ ń dán bíi tuntun. Bí mo ṣe la róbà rẹ̀, bàbà inú rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé tó pọ́n sí búlúù, bí ohun tí wọ́n rẹ sínú ìkòkò aró fún ọjọ́ pípẹ́. Mo fi ìka fọ́ ọ. Ẹni tó ni ín ti ra bátìrì méjì nítorí rẹ̀.

Ní ti àtúnṣe, ẹ kọ́kọ́ tú orí nẹ́gẹ́tíìfù, òun náà ni kí ẹ dè gbẹ̀yìn. Ibi tí wọ́n bá fẹ́ dè é mọ́ lára bọ́dì, kí wọ́n fi sáńpépà ha ọ̀dà àti ìpẹtà kúrò títí irin á fi funfun, kó fẹ̀ tó orí wáyà náà. Kí wọ́n tún ha ojú bóòtù àti ti wáyà fúnra rẹ̀. Ẹ̀yìn tí wọ́n bá ti fún un le tán ni kí wọ́n tó fi gírísì bò ó níta kí omi òjò má bàa wọlé. Bàbà ni kí wáyà náà jẹ́, kó nípọn tó 16 mm² ó kéré tán, 25 mm² ló dára jù fún èyí tó lọ sí ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi ọ̀bẹ ha okùn inú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Tí funfun bá yọ lábẹ́ àwọ̀ pupa, alumíníọ̀mù ni wọ́n kùn.

Àwọn wáyà aláwọ̀ mèremère wá ń kọ́? Mi ò ní kí ẹ rà wọ́n. Wáyà kan tó nípọn láti ẹ́ńjìnnì sí bọ́dì, àti òmíràn láti orí nẹ́gẹ́tíìfù sí bọ́dì tí tàtijọ́ bá ti jẹrà, ó ti tó. Wáyà mẹ́fà tí wọ́n dè mọ́ orí ọ̀dà kò ṣe nǹkan kan. Wọn ò gbọ́dọ̀ dè é mọ́ páìpù epo, tàbí ibi tí wáyà ẹ́ẹ̀tì kékeré ti kọ̀ǹpútà mọ́tò wà. Tí nǹkan kékeré kan tí wáyà tín-ín-rín wọnú rẹ̀ bá sì wà lára tẹ́mínà nẹ́gẹ́tíìfù, sẹ́ńsọ̀ bátìrì ni. Ara bọ́dì ni kí wáyà tuntun ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí bátìrì, kí sẹ́ńsọ̀ náà lè máa ka gbogbo iná tó ń kọjá.

Tí wọ́n bá ti ṣe é tán, ẹ ní kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n lójú yín. Tí mítà bá ti wá sí 0.2, tí "ká, ká, ká" yẹn kò sì lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ọ̀nà wáyà pupa bákan náà, kí wọ́n tó sọ kíkísítátà kalẹ̀ láti tú u wò.